Oúnjẹ Tí Ìyá Eléwé Kà Léèwọ̀

Mo rántí ìgbà tí òórùn ewé dóńgóyárò gba gbogbo Alafiarou, ìlú wa. Wọ́n ní kòrónà ń bọ̀ láti Cotonou, kó sì tó dé, ìkòkò àgbo ti wà lórí iná ní gbogbo agbo ilé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wọ́n ti ń gba ewé. Ìyá Eléwé ni wọ́n ń pè é, títí dé Bétérou. Á fi ewé ìbẹ́pẹ, efinrin àti òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, á ní kí aláìsàn fi aṣọ borí, kó fa ooru rẹ̀ símú. Òfin rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e: kò sí epo, kò sí ẹran, kò sí iyán, àfi ògì nìkan. Á máa ní, "Bí o bá ń bọ́ ara, ibà lò ń bọ́." Èmi tí wọ́n ti líísè, ilé ẹ̀kọ́ wa, mọ́ lẹ́nu ní Parakou nítorí kòrónà, mo ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí igbákejì dókítà, mo ń tún òfin náà kà fún àwọn tó lè bí mi lọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde. Bóyá ewé ni, bóyá àìsàn náà kọ́ ló ṣe wọ́n, ta ló mọ̀?

Nígbà tí iṣu tuntun jáde ni ikọ́ mú ìyá mi. Ó mu àgbo, ó fa ooru, ó sì pa òfin ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi rù kan egungun. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan gun alùpùpù wá wò ó. Ó ní, "Tata, ìyá wa, ewé yín ò burú, àmọ́ ewé kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹja, kẹ́ ẹ lè lókun."

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìlú ni mo kà á léèwọ̀ fún. Ojú wo ni wọ́n á fi wò mí?"

Mo se ẹ̀wà, mo se ẹyin, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ti ìyá mi, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ wọnú, kò fi àyè sílẹ̀ fún oúnjẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó pè mí. "Iyán ń wù mí. Fi epo sọ́bẹ̀ rẹ̀." Inú mi dùn, mo sáré lọ gbé odó. Ó ní, "Má gún un. Wọ́n á gbọ́."

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń jẹ iyán ní ìkọ̀kọ̀; bí odó bá ti dún, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọmọrógùn tẹ iṣu náà nínú ìkòkò, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún, kókó sì kún inú rẹ̀. Mo fi òkèlè kékeré sí i lẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà títí ó fi kú.

Àwọn èèyàn ṣì ń wá gba ewé lọ́wọ́ mi. Mo ń fún wọn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún aláìsàn wọn lóúnjẹ gidi. Wọ́n á wò mí bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ já. Wọ́n á ní, "Ìyá rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀." Bí mo bá sọ ohun tó béèrè kó tó kú, mo tú àṣírí òkú. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á lọ fi ebi pa ẹni tó wà lórí ẹní.

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú.