Ìgbà Tí Mo Gbé Pèrègún Lọ Sí Etí Òkun

Àwọn tó ń kírun àárọ̀ ní mọ́sálásí wa ní Ṣàgámù kò tíì parí tí mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù mi. Ẹrù náà kò pọ̀: obì díẹ̀, ìró méjì, àti igi pèrègún mẹ́ta tí mo fi ewé tútù dì bí a ṣe ń di obì, kí ó má bàa gbẹ lọ́nà. Bàsírà, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi pèrègún ṣe. Ọmọ Rẹ́mọ kò ní béèrè, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Nílé wa, pèrègún la fi ń pààlà ilẹ̀. Ẹ gbìn ín sí igun, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnìkan kì í fà á tu. Nígbà tí Sàfúrà, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, fẹ́ apẹja kan tó jẹ́ Ìlàjẹ, tó sì bá a lọ sí Ìdí-Àgbọn létí òkun, èmi ni bàbá wa rán lọ ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀. Mo gbé pèrègún méjì lọ láti àgbàlá wa. A gbin ọ̀kan sí ẹ̀yìn, a gbin ìkejì sí iwájú, lọ́wọ́ òkun. Ogójì ìṣísẹ̀ ni mo kà láàárín wọn.

Ọkọ náà ti di olóògbé báyìí. Sàfúrà ló tẹ̀ mí láago pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń wọn ojú ọ̀nà rélùwéè ti tún dé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ẹlẹ́rìí ilẹ̀ rẹ̀ wá, kí wọ́n lè kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Ó pẹ́ tí Sàfúrà ti ń retí rélùwéè yẹn. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà tí àwọn kan kọ́kọ́ wá kan èèkàn irin mọ́lẹ̀ létí omi, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin yóò máa gbà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ní kó máa bọ̀ nílé, èsì rẹ̀ ni pé òun yóò máa ta ẹja yíyan fún àwọn èrò ọkọ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe ń lọ jẹ́rìí, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo fẹ́ mú un bọ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo wọ takisí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ògèrè ni awakọ̀ náà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára pèrègún mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn ín síbi ìjókòó iwájú o. Ìyàwó mi ló ni ibẹ̀."

"Bí o bá sáré jù, màá gbìn ín síbi tí ìwọ jókòó sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra wa ọkọ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí etí ọ̀sà. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà títí a fi kọjá àwọn oko ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà ó di kòtò àti gegele. Ní èbúté, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù pupa kan tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Òórùn ẹja lára rẹ̀ pọ̀ débi pé mo rò pé bí mo bá bọ́ sómi, ẹja yóò kí mi bí ẹbí.

Sàfúrà ń dúró ní òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sanra."

"Irọ́ ni. Ìwọ lo gbẹ."

Ilẹ̀ tiwa pupa, a máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ títí dé orí ẹní. Tiwọn funfun bí gaàrí, kì í gba ẹsẹ̀ dúró. Àwa máa ń fi ilé júwe ọ̀nà, àwọn a máa fi ìlà igi àgbọn júwe tiwọn. Mo rántí pé ìlà márùn-ún ló wà láàárín ilé Sàfúrà àti òkun. Ìlà kan ṣoṣo ni mo bá. Mo wo Sàfúrà, òun sì wo ibòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹni tó ń wọn ilẹ̀ dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń jẹ́ Káyọ̀dé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí yanrìn.

"Màmá, ẹ fi ààlà hàn wá."

Pèrègún ẹ̀yìn ṣì wà, ó ti ga ju òrùlé lọ. Mo fi ẹ̀yìn tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síhà òkun, mò ń kà á sókè. Ní ìṣísẹ̀ kẹtàdínlógún, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mi ò dúró. Ní ogún, Sàfúrà di ìró mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó."

"Kò tíì tó. Ogójì ni." Mo nawọ́ síbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun. "Ibẹ̀ yẹn ni pèrègún kejì wà."

Káyọ̀dé ní, "Iwájú ibẹ̀ ni èèkàn wa àkọ́kọ́ náà wà. Ẹ̀yìn ilé la máa kàn án sí báyìí."

Mo bi í pé, "Bí òkun bá tún dé ibẹ̀ ńkọ́?"

"A ó tún sún un sẹ́yìn."

"Títí dé ibo?"

"Bóyá títí dé Ṣàgámù yín, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo Sàfúrà. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa tẹ́ irin síbí rárá. Ohun tí mo rí ni pé òkun ń yára bọ̀ ju rélùwéè lọ."

Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó gbẹ ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí ní ogójì ni. Ó rò ó títí, ó kọ ọ́, ó kà á sí mi létí, mo sì tẹ̀ka sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sàfúrà ro púpurú fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á yan án lórí èéfín, wọ́n á ha dúdú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó ní òórùn iná tí ẹ̀bà tiwa kò ní. Mi ò fi í wé ìkọ́kọrẹ́, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

"Èmi náà mọ̀ pé òkun ń bọ̀," Sàfúrà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò gbójú sókè. "Mò ń ka àgbọn lójoojúmọ́."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Mo fẹ́ kí ẹnìkan tó mọ ibi tí ilẹ̀ ọkọ mi dé sọ ọ́ síta kí n tó kúrò. Kí wọ́n má wá sọ lọ́la pé kò ní nǹkan kan."

Kò jẹ́ kí n fi pèrègún tí mo gbé wá pààlà kankan. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ni a jọ gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi àdá gé orí pèrègún àtijọ́ náà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Àgbàlá bàbá wa lẹ ti gbé e wá. Ẹ bá mi gbìn ín síwájú yàrá tí bàbá wa yàn fún mi níbẹ̀. Bó bá yọ ewé, ẹ pè mí kí n máa bọ̀."

Ọ̀nà tí mo gbà lọ ni mo gbà bọ̀. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ṣàgámù, mi ò sì tú ẹrù kí n tó gbẹ́ ilẹ̀ níwájú yàrá Sàfúrà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé èèyàn ló ń lọ, ilẹ̀ ló ń dúró. Ní Ìdí-Àgbọn, ilẹ̀ ló lọ, àbúrò mi ló dúró. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò fẹ́ kúrò ni kò ríran. Ẹlòmíràn ń dúró de ẹlẹ́rìí ni.

Láàárọ̀ yìí, pèrègún náà ti yọ ewé méjì. Bàsírà, gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná, kí o bá mi tẹ Sàfúrà, ìyá rẹ àgbà, ní Ìdí-Àgbọn láago.