Orúkọ Tó Wà Lápá Mi

Ọmọdé ni mí nígbà tí yèyé tó bí mi mú mi láti Ìlọ́fà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan nílùú Ìlọrin, pé kí n máa bá a gbé. Ìbátan bàbá mi ni, aṣọ ló ń tà, kò sì bímọ. Màmá ni wọ́n ní kí n máa pè é.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni mo ṣìnà níbi tó rán mi, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí wọ́n tó rí mi. Màmá kò nà mí. Ńṣe ló pe ọkùnrin kan tó máa ń fín ara fún àwọn èèyàn wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kó fín orúkọ òun sí mi lápá òsì, kí ẹni tó bá rí mi lè mọ ilé tí yóò mú mi padà sí. Ó dì mí mú lórí itan rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ti àwọ̀ dúdú bọ ara mi ni mò ń ké, tí Màmá ń fi etí ìró rẹ̀ nu omi ojú mi. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀.

N kò lè sọ pé ó fìyà jẹ mí. Ó rán mi nílé ìwé, ó fi mí síbi iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, mo padà sí agbègbè ilé wa, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀sí. Bí mo bá ń wọn àyà oníbàárà, apá mi ni yóò máa kà. Wọn a bi mí bóyá orúkọ mi nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn a tún bi mí pé orúkọ ta ni. Mo wá ń wọ aṣọ alápá gígùn, àní nígbà tí ooru ń lé gbogbo èèyàn síta.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi náà bi mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bí bàbá òun ṣe máa ń kọ orúkọ sára àpò àgbàdo nìyẹn kó tó kó o sọ́kọ̀. Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ya tátúù.

Mo ní kó bá mi pa á rẹ́. Ó ní kò ṣeé pa rẹ́, àfi kí òun ya èyí tó tóbi jù ú lọ, tó sì dúdú jù ú lọ, lé e lórí. Ìtàkùn iṣu ni mo ní kó yà, tewétewé, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Nígbà tí ojú egbò jiná, mo dúró níwájú dígí, n kò rí lẹ́tà kankan mọ́. Mo rán bùláòsì tí kò lápá, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó pásítọ̀ fajú ro, n kò tilẹ̀ bìkítà.

Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù mí ni yèyé mi àti àbúrò bàbá mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ti gbé e wá sí ilé ẹbí rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀pìn, ẹbí sì ti jókòó lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ní, “Ìwọ ni ọmọ rẹ̀. Ta ni ká tún rán?”

Mo sọ fún un pé aṣọ àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbé maṣíìnì mi lọ síbẹ̀. Mo ń retí kí yèyé mi dá sí i. Aṣọ tó wà lórí tábìlì ló ń wò.

Nígbà tí mo dé Òkè-Ọ̀pìn, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá Màmá tó jókòó. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó na ọwọ́, ó rí apá mi dì mú, ó ń fọwọ́ pa á lọ sókè. Inú mi dùn pé kò ríran dáadáa. Ìka rẹ̀ wá dúró. Ibi tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti gbà kọjá ti wú, àwòrán tuntun kò sì mú un rọlẹ̀. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Ìwọ náà ni.”

“Mo ti fi ewé bò ó, Màmá.”

Kò jọ̀wọ́ apá mi. Ó ní, “Ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà yẹn. Mo rò pé wọ́n máa gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.”

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti kó ohun tí mo fẹ́ sọ fún un sínú. Ó ní kí n mú òun lọ sẹ́yìnkùlé, òun fẹ́ tọ̀. Mo gbé e dìde, ó fúyẹ́.

Òkè-Ọ̀pìn ni mo ṣì wà. Maṣíìnì mi wà lẹ́bàá fèrèsé, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Ọ̀sí ti rí aránṣọ mìíràn. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi máa ń wá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ń pè lórí fóònù. Àwọn ọmọ ẹbí tó wà nílùú ńlá ń fi ọṣẹ àti mílíìkì ránṣẹ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa kúrò. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n wá ẹni tí a ó jọ máa ṣe é. Ó ní tí wọ́n bá wa iṣu tán, òun á pe ìpàdé. Wọ́n ti wa iṣu tán.