Ẹni tí Màmá Ń Bá Sọ̀rọ̀ Nínú Yàrá

Obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní Ìdèrè ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń jáde ní kíláàsì nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Èrúwà. Ó ní òun ò fẹ́ dá mi níjì, ṣùgbọ́n kí n wá wo màmá mi.

"Wọ́n ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ọjọ́ kẹta rèé. Lánàá, mo gbọ́ tí wọ́n ní, 'Mo ti pa ọ́.'"

Bàbá mi ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kú nígbà náà, Màmá nìkan ló kù nínú ilé. Mo sì mọ ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tí kò mọ ọmọ tó bí mọ́. Òun ni mo ń rò nínú mọ́tò títí mo fi dé Ìgbó-Ọrà. Mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ lọ sí Ìdèrè.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ wọn lóòótọ́: "Kó o, kí n rí i. O rò pé mi ò rí ọ ni?"

Mo ṣílẹ̀kùn wọlé. Màmá fẹ̀yìn ti ògiri lórí ibùsùn, wọ́n fi awò sójú, fóònù tí àbúrò mi rà fún wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọpọ́n ayò ló wà lójú fóònù náà, ọmọ ayò ń bọ́ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó wà nínú fóònù yìí ni. Kì í fèsì, àmọ́ ó mọ ayò ta." Wọ́n wò mí dáadáa. "Kí ló dé tí o ń làágùn báyìí?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Ọmọ àbúrò mi ló fi géèmù náà sórí fóònù. Bàbá ni Màmá máa ń bá ta ayò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́.

"Eléyìí ò mọ̀ ọ́n ta tó bàbá ẹ," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kì í bínú bí mo bá pa á láyò."

Mo lọ pe aládùúgbò wa kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní, "Màmá, ẹ ò sì sọ fún wa."

"O ò bi mí," ni Màmá dá a lóhùn, wọn ò gbójú kúrò lórí fóònù.

Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, torí ayò ni wọ́n ń ta bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bù sí i.