Ọ̀sẹ̀ tí a fi orúkọ kọrin ní Ayọ̀bọ̀

Òórùn igi tútù tí káfíńtà ń fá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ayọ̀bọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òun àti òórùn ṣọ́ọ̀kì tí òjò ti rin. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí nígbà náà. Olùkọ́ orin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí òkè òkun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá pè mí, wọ́n ní, "Anti, ẹ̀yin lẹ máa gba iṣẹ́ orin." Bí ẹni ní kí n lọ bá wọn ti fèrèsé ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọ̀gá akọrin ìjọ wa fà mí jáde láàárín àwọn ọmọ yòókù, tó ní ohùn mi ń ba orin jẹ́. Láti ọjọ́ náà, inú ọkàn mi nìkan ni mo ti ń kọrin.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Mo kọ dò, re, mí sójú pátákó, mo gbóhùn sókè, ohùn há mọ́ mi lọ́fun. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n mú ìwé jáde, kí wọ́n máa dà á kọ títí aago fi lù.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sí kọ́rídọ̀, mo ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé n kò ṣe iṣẹ́ orin mọ́. Màmá kan tí a jọ ń gbélé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ń sá sùtánà wọn lórí okùn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ ọ́.

"Orúkọ àwọn ọmọ yẹn, ṣé o ń pè é dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Orin nìyẹn jàre. Pe orúkọ bíi Táíwò, kó o fà á gùn."

Mo pè é. Mí, mí, dò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé orin ni mò ń kọ́ wọn. Mo fa lẹ́tà náà ya.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: "Èmi náà ń kọ́ orin ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." A bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ìbejì tó wà níwájú. Táíwò sọ̀kalẹ̀ níparí. Kẹ́hìndé sọ̀kalẹ̀ láàárín, ó tún gòkè. Ohùn mi tún há. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo retí kí ọ̀run ya lulẹ̀, kò ya.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin Íbò kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè. "Anti, Chioma ńkọ́? Ṣé orúkọ tèmi náà ní orin?"

"N kò mọ̀," ni mo wí. "Bí màmá rẹ ṣe ń pè é nílé, pè é bẹ́ẹ̀ ká gbọ́."

Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. A gbè é. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo kíláàsì sì tẹ̀ lé e, èmi náà ń tẹ̀ lé e bí akẹ́kọ̀ọ́.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì lórin láti ìgbà náà, ohùn mi kò sì tíì dùn ṣá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ilé ni èèyàn ti ń gbé ìgboyà wá síwájú ọmọ. Iwájú àwọn ọmọ náà gan-an ni mo ti rí tèmi, lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ pé n kò mọ̀, tí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sì kọ́ mi lórin.