Ọgbà Òdòdó Àwọn Ìyá Wa Létí Òkun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Gabon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ̀bá òkun ní Libreville ni a ń gbé, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbàgede kan wà nítòsí ilé wa tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń tọ́jú òdòdó ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá mi á gbé garawa, èmi á mú ọkọ́, a ó sì lọ pọnmi níbi ẹ̀rọ.

Ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ọgbà náà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ igi gẹdú ní èbúté Owendo, omi sì gbé e lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Ni ìyá yìí bá gbin òdòdó pupa síbi tó kọjú sí òkun, ó ní ibẹ̀ lòun á ti máa kí i. Òun àti ìyá mi kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n á jọ máa tu koríko títí oòrùn á fi mú.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan mú ìwé wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó fi lé wa lọ́wọ́, ó sì lọ. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo ń lọ sílé ìwé, èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Ìwé náà ní wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ibi tí ọkọ̀ á máa dúró sí. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi ní Yorùbá.

"Tún un kà," ni ìyá mi wí. "Bóyá o ṣì í kà."

Mo tún un kà. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Mo wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà ní Faransé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tu koríko rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, katapílà dé. Àwọn ìyá wa ń sáré hú òdòdó sínú agolo, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò hú nǹkan kan. Ó jókòó ti òdòdó rẹ̀. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà lórí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán mi ni. Bí n kò bá ṣe é, wọ́n á rán ẹlòmíràn."

Ìyá mi ló fa ìyá àgbà dìde. Katapílà sì wọ inú ọgbà.

Àwọn òdòdó inú agolo kò yè. Ìyá àgbà kò jáde mọ́. Ìyá mi á gbé oúnjẹ lọ fún un, á sì gbé e padà bó ṣe gbé e lọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti sin ín.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé ní Akanda nítòsí Libreville bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí a kò kọ̀wé, tí a kò lọ bá wọn jà. Inú mi dùn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ìsinsìnyí mọ ọ́fíìsì tí ẹ lè lọ, ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa wí níbẹ̀. Àlejò làwa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sì lèmi tí mo ka ìwé náà. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí a lè bẹ̀.