Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Màmá Mi Tún Kọ Yorùbá

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí èmi àti màmá mi tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn nílé wa ní Kubwa, l'Ábújá.

Màmá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò lè kọ ẹ, ọ àti ṣ, àwọn fúnra wọn ló kọ ètò tó mú un kọ Yorùbá. Wọ́n fi tẹ ìtàn ìdílé tí ìyá wọn sọ kí wọ́n tó kú. Inú dísíkì kan ṣoṣo ni ìtàn náà wà.

Bí a ṣe tan ẹ̀rọ náà, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa wáyà iná yọ.

"Mọ́mì, ó ti jóná!"

Wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gé ohun kékeré kan tó ti bẹ́ kúrò. "Tún tàn án."

"Tó bá gbaná ńkọ́?"

"Kai! Mo ní kí o tàn án."

Wọ́n ti dísíkì náà bọ inú ẹ̀rọ náà, mo sì tàn án. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà aláwọ̀ ewé jáde, tàmì tàmì: "Orúkọ mi ni Àbẹ̀kẹ́. Jókòó, kí n sọ ibi tí a ti wá fún ọ." Màmá mi rí ọ̀rọ̀ ìyá wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan nígbà tí ẹ̀rọ náà kú, kò sì tàn mọ́. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n màmá mi fa àga sún mọ́ mi.

"Mú bírò. Ojú ewé tó kù yẹn ni ìyá mi ti sọ bí òun ṣe bí mi. Mo mọ̀ ọ́n lórí."

Wọ́n ń sọ, èmi ń kọ, títí ìtàn náà fi pé.