Ohùn Dùùrù Tí Mo Ní Kò Sí

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ní Ìdó bá ní fídíò tó ń há, tàbí tí ẹnu àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò bára mu, ilé mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo kọ́ ara mi lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀ wa, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí làkúrègbé mú ìka bàbá tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n pe ayàwòrán kan láti Ìkọ̀lé kó wá ká ìsìn ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Oníwà jẹ́jẹ́ ni ayàwòrán náà. Iṣẹ́ ayẹyẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì.

Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé fídíò náà wá nínú fláàṣì. Mo ní ká wò ó nílé mi, torí mo ti so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá. Bàbá wá, màmá tó jẹ́ olórí akọrin wá pẹ̀lú àwọn akọrin mélòó kan. Ayàwòrán jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Àwòrán mọ́ kedere. Ìka bàbá ń rìn lórí dùùrù, ẹnu àwọn akọrin ń ṣí, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ohùn sókè. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo ṣí fídíò mìíràn, ìyẹn ń pariwo. Mo wá ṣí ojú ewé tó ń sọ bí fáìlì ṣe rí, mo kà á fún wọn bí olùkọ́: ìbú, egbèje ó lé ogójì, gíga, ẹgbẹ̀rún ó lé ọgọ́rin, àwòrán márùndínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo dìde.

"Kò ká ohùn rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ọ," ni ayàwòrán wí. "Gbogbo bí mo ṣe ń yà á ni mò ń gbọ́ ọ."

"Etí rẹ gbọ́ ọ. Kámẹ́rà rẹ ni kò gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá olórí akọrin yíjú sí i. "Ṣé uṣẹ́ rẹ nìyí? O ti Ìkọ̀lé wá sọ gbogbo wa di odi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn wò."

"Ẹ̀rọ wo?" ni mo bi í. "Èwo ló ju èyí lọ nílùú yìí?"

Bàbá ń wo ìka ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Kò burú. Ẹni tí mo tẹ̀ ẹ́ fún ti gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìkọ̀lé kí ayàwòrán tó délé. Wọ́n ń pè é ní Kámẹ́rà Odi. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá ẹlòmíràn. Mo gbọ́ pé ó ti padà sóko ẹ̀gẹ́ ní Odò-Orò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo tún ṣèèṣì ṣí ojú ewé fáìlì yẹn, tó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ohùn wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbangba: AC3, irú ohùn kan báyìí, ọ̀tún àti òsì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń di àwòrán sínú fídíò, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń di ohùn. Ètò tí mo fi ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà mọ bí wọ́n ṣe ń tú àwòrán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ohùn yẹn, ló bá dákẹ́. Mo gba ètò mìíràn, ọ̀fẹ́ ni. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dùùrù fi gba gbogbo pálọ̀.

Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná. "O ti tún un ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Mo ti tún un ṣe."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n gbàdúrà fún mi pé mo fa ohùn yọ níbi tí kò sí. Bàbá sunkún. Mo ṣe àmín.

Ayàwòrán gbọ́. Ó gbé iṣu mẹ́ta wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ bá mi bo ìtìjú." Ó yọ kámẹ́rà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì tí mo ṣì tẹ̀ hàn mí. Mo ti wá a títí. Ẹ̀rù ń bà mí láti tún yàwòrán fún ẹnikẹ́ni."

Mo gba kámẹ́rà náà, mo ń yí i bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé ìka mi. Mo dá a padà fún un.

"O ò ṣi nǹkan kan tẹ̀. Ohùn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kọ̀ǹpútà mi ni."

Ó gbé kámẹ́rà náà padà sínú àpò. "Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn." Kò dúró mu omi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde lẹ́yìn ìkéde. Mo ń ṣàlàyé AC3 àti ètò tó ń tú àwòrán tí kò lè tú ohùn, wọ́n ń mi orí. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ wo ọmọlúwàbí, ó ń bo ọmọ ọlọ́mọ láṣìírí." Ojú tì mí débi pé mo di pẹpẹ mú. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Mi ò tún nǹkan kan ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, èmi ni mo bà á jẹ́."

"A ti gbọ́ tiwa," ni màmá olórí akọrin wí. "Àwọn ará Ìkọ̀lé ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé, mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn, mo ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ayàwòrán náà dára. Ní ìkẹta, àlùfáà wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta ni yín, tí ẹ fi mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára?"

Mo ní, "Èmi ni mo sọ pé kò dára."